Àwo Fela àti Roy Ayers tí wọ́n tún tẹ̀: ẹ bá mi gbọ́ ojú ti Fela yẹn dáadáa

Aláwo_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tipẹ́, ẹnu ni n kì í là. Ohun tó là á fún mi lónìí ni pé *Music of Many Colours*, àwo tí Fela àti Roy Ayers jọ ṣe, èyí tí ilé iṣẹ́ àwo Knitting Factory tún tẹ̀, tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ àbúrò ìyá mi ló bá mi gbé e bọ̀ láti London.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ọdún 1979 ni Roy Ayers, ará Amẹ́ríkà tó ń lu fáíbúráfóònù (fáìbù ni wọ́n ń gé e kúrú sí, ohun èlò onírin tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù), wá sí Nàìjíríà, tí òun àti Fela jọ káàkiri ṣeré. Àwo náà jáde lọ́dún 1980. Orin méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ojú kan orin kan. *2000 Blacks Got to Be Free* ni ti Roy. *Africa Centre of the World* ni ti Fela.

Bàbá mi ní ẹ̀dà àkọ́kọ́, ti ilé iṣẹ́ àwo Phonodisk. Ẹ̀dà yẹn ni mo bá nílé, òun ni mo sì gbọ́ dàgbà. Páálí rẹ̀ ti ya, sẹ́lótéèpù ló so ó pọ̀, ìlà kan sì wà lójú ti Fela tó jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ bá ti débẹ̀, á fò. Fífò yẹn ti mọ́ mi lára débi pé mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Bí mo ṣe gbé tuntun lé ẹ̀rọ, ẹnu yà mí. Ohun èlò kan wà nínú ojú ti Fela tí n kò gbọ́ rí láyé mi! Mo mọ̀ pé Roy wà níbẹ̀ o, orúkọ rẹ̀ wà lára páálí. Ṣùgbọ́n nínú ti bàbá mi, ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́yìn fèrè kò ju nǹkan tó ń ṣe ṣaa-ṣaa lọ, bí ìgbà tí àkàrà bá ń dín nínú epo. Ìdọ̀tí ni mo pè é. Àṣé fáìbù ni. Irin ń dún winrin-winrin, ohùn rẹ̀ ń gùn, ó ń mì, ó ń gba àárín gìtá kọjá bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé àwọn tó tún un tẹ̀ ló gbé fáìbù sókè, àbí bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn? Èkejì, kí ló dé tí ẹnì kan kì í ka àwo yìí mọ́ ti Roy? Gbogbo ibi tí mo dé, àárín àwo Fela ni wọ́n tò ó sí.

Ọmọ_Dẹ́kẹ́
Ẹ fowó ra ohun tó wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Owó yín ni ṣá.

Injiníà_Ohùn
@Aláwo_Mọ́kọ́lá, n kò rò pé ẹnikẹ́ni gbé fáìbù sókè. Àwo bàbá yín ló ti jẹ.

Ẹ wò ó. Àwo ńlá ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í yá sí i, kì í falẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá àwo fẹ̀ ju àárín rẹ̀ lọ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wà lẹ́bàá, ọ̀nà tó ń rìn nínú yíyí kan gùn. Bó bá ti ń sún mọ́ àárín, ọ̀nà ti kúrú, orin kan náà sì gbọ́dọ̀ fún ara rẹ̀ mọ́bẹ̀. Ohùn òkè ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, síńbàlì, fáìbù. Báàsì kì í mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá fi abẹ́rẹ́ tó ti kú kún un. Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́? Nílé wa, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló gbọ́ Ebenezer Obey, ó gbọ́ Haruna Ishola, ó gbọ́ Sunny Ade, òun náà ló tún gbọ́ orin Kérésìmesì lọ́dọọdún. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di ọkọ́. Kì í ka ojú àwo mọ́, ó ń ro ó ni.

Fáìbù sì le fún un ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ọ̀pá bá ti kan irin, ohùn méjì ló ń jáde pọ̀: ohùn gan-an tí ẹni náà lù, àti òmíràn tó fi ọ̀kítéfù méjì ga jù ú lọ. Èyí tó ga yẹn ló ń jẹ́ kó dán. Bí ọkọ́ bá ti ro ìyẹn dànù, ohun tó kù á dà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn nílé kejì.

Ẹ má ju ti bàbá yín nù ṣá o. Ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, àti aṣọ múlọ́múlọ́ fọ̀ ọ́, ẹ wá fi abẹ́rẹ́ tuntun gbọ́ ọ. Ẹ̀bá rẹ̀ lè ṣì wà láàyè.

Bàbá_Akin_Abẹ́òkúta
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ṣàlàyé fún mi. Fáìbù tí ẹ ń pè yìí, ṣé agídìgbo tí wọ́n fi irin ńlá ṣe ni? Mo rí i lẹ́ẹ̀kan nínú tẹlifíṣọ̀n, ó dà bí tábìlì tí wọ́n to irin sí.

Títí_Peckham
Ẹ káàárọ̀ sà. Wọ́n fi irin jọra, ṣùgbọ́n ọwọ́ la fi ń ta agídìgbo, ọ̀pá ni wọ́n fi ń lu fáìbù.

Bàbá_Akin_Abẹ́òkúta
Ta bí i ti báwo? Òwe òwe là ń lu ìlù agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. “Lu” ni àwọn àgbà wí, ọmọ mi.

Títí_Peckham
Háà, ẹ mú mi sà! Àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń ṣe é nínú àpàlà: àtàǹpàkò ló fi ń ta irin, òrùka ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń lu ẹ̀gbẹ́ àpótí. Àwa méjèèjì la jàre.

Ti fáìbù, mo ti sún mọ́ ọn dáadáa, torí Roy kì í fi Ronnie Scott's, ilé jáàsì kan ní London níbí, sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo sì lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó kú. Àlùmíníọ́mù ni irin rẹ̀, wọ́n tò ó bí ojú dùùrù, àwọn tó dúró fún funfun níwájú, àwọn tó dúró fún dúdú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Lábẹ́ irin kọ̀ọ̀kan ni páìpù kan wà, lẹ́nu páìpù ni pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tí mọ́tò iná ń yí. Bó ṣe ń ṣí páìpù tó tún ń pa á dé ni ohùn fi ń mì tìtì. Ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ pẹ́dà: bó bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á gùn, bó bá gbé ẹsẹ̀, ohùn á kú. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ṣe é láàárín ọdún 1920 sí 1930, kì í ṣe ohun ìbílẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí mo fẹ́ràn fún Bàbá. Nígbà tí Roy wà lọ́mọ ọdún márùn-ún ní Los Angeles, àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ wo Lionel Hampton, ọ̀gá àwọn tó ń lu fáìbù láyé ìgbà yẹn. Hampton na ọ̀pá tó fi ń lù ú sí ọmọ náà, ó fún un. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Roy kó tó ní fáìbù tirẹ̀. Ọdún méjìlá ló fi ní ọ̀pá láìní irin.

Bàbá_Akin_Abẹ́òkúta
Ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀pá ìlù lọ́mọ ọdún márùn-ún, wọ́n ti pè é nìyẹn. Ó ti yé mi.

Jáàsì_Ojúlówó
Ẹ má bínú, ẹ̀ ń gbé àwo yìí gẹṣin aáyán.

Mo fẹ́ràn Roy o. *West Coast Vibes* tó ṣe lọ́dún 1963 wà nílé mi. *Stoned Soul Picnic* ti 1968 wà níbẹ̀, èyí tí Herbie Hancock àti Ron Carter bá a ṣe. Ìgbà yẹn ni Roy ń fi fáìbù ronú. Nígbà tó máa fi di 1979, dísíkò ló ń ṣe, ẹnu ló sì ń lò ju ọ̀pá lọ. Ẹ gbọ́ *2000 Blacks*: ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún pe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé kí ọdún 2000 tó dé, kí àwọn aláwọ̀ dúdú ti gba òmìnira. Ọ̀rọ̀ dáa, kò burú. Orin ńkọ́?

Bí ẹ bá ń wá fusion, àdàlù jáàsì àti orin mìíràn, látọwọ́ ẹni tó ń lu fáìbù, ẹ lọ gbọ́ *Duster* ti Gary Burton, 1967. Ó mú Larry Coryell wọlé pẹ̀lú gìtá rọ́ọ̀kì, síbẹ̀ jáàsì kò sá lọ. Nínú àwo ti ẹ̀yin yìí, ojú kan kò mọ ohun tí ojú kejì ń sọ. Àwo méjì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni.

Ọmọ_Dẹ́kẹ́
Ó ti dé o.

Títí_Peckham
Ẹ̀gbọ́n Jáàsì_Ojúlówó, mo gbà fún yín lórí ojú ti Roy. Ó gùn ju bó ti yẹ lọ, bí kì í bá ṣe ti báàsì yẹn, ǹ bá ti máa yí i kúrò. Pé ọdún 2000 sì ti kọjá lọ báyìí tún fi ẹ̀rín sí i, ẹ̀rín tí kò dùn.

Ṣùgbọ́n ojú ti Fela? Rárá. Ẹ jẹ́ ká jà.

Ẹni tó kọ́ jáàsì bí i ti Roy, kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀) ló fi ń rìn. Kọ́ọ̀dù yí, òun náà yí. Ìyẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Curtis Amy àti Herbie Mann, àwọn olórin jáàsì tó bá ṣeré. Ó wá dé ọ̀dọ̀ Fela, níbi tí orin ti lè jókòó sórí kọ́ọ̀dù kan títí ìrẹsì á fi jinná. Gìtá kan ń tún ohun kan náà pe, báàsì ń tún tirẹ̀ pe, fèrè ń bú lórí wọn. Kí ni ẹni tó ń lu fáìbù fẹ́ ṣe níbẹ̀? Bó bá fẹ́ ṣe ọ̀gá, fèrè á gbé e mì. Bó bá sì sáré kó ohùn jọ bí i ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, á dà bí ẹni ń da ṣílè sílẹ̀.

Ohun tí Roy ṣe ni pé ó dín in kù. Ó wá àlàfo láàárín gìtá méjèèjì, ó ń ju ohùn méjì mẹ́ta síbẹ̀, ó ń dákẹ́. Ìlù ló ń lù, kì í ṣe orí dùùrù ló wà mọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lo pẹ́dà: ó ń pa ohùn kíá kí gìtá lè ráyè. Fún mi o, ìyẹn gan-an ni àdàlù orin, pé ẹni tó wá bá ẹ nílé jókòó sórí àpótí tí o fún un. Coryell lọ bá Burton nílé Burton. Roy ló wọ ọkọ̀ òfurufú.

Jáàsì_Ojúlówó
O mọ ọ̀rọ̀ sọ. Màá tún un gbọ́. Mi ò tíì ní mo gbà o.

Dípọ̀_Ìjẹ̀bú_Igbó
Gbogbo yín ń dárúkọ London àti Amẹ́ríkà, ẹ kò dárúkọ wa. Ìjẹ̀bú-Igbó ni Phonodisk wà! Àwo tí bàbá Aláwo_Mọ́kọ́lá ní, ìlú wa níbí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn àgbà àdúgbò ṣì ń sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ àwo bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé ọba. Lónìí, òyìnbó ló ń wá ẹ̀dà yẹn kiri, wọ́n ń fi owó gidi rà á, àwa fi páálí rẹ̀ bo ẹnu ìkòkò.

Aláwo_Mọ́kọ́lá
Háà! Mo máa sọ fún bàbá mi. Ó rò pé láti Èkó ló ti wá.

@Ọmọ_Dẹ́kẹ́, mo gbọ́ ti YouTube kí n tó ra tèmi. Nínú fóònù, fáìbù kò tó kòkòrò.

Bàbá_Akin_Abẹ́òkúta
Kí n sọ díẹ̀ nípa ọdún yẹn, níwọ̀n bí ẹ ti ṣàlàyé fún mi.

1979 ni sójà gbé ìjọba fún Shagari, oṣù kẹwàá. Ọdún méjì ṣáájú ni wọ́n ti jó Kalakuta, ilé Fela. Fela ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, Tony Allen, onílù rẹ̀, ti kúrò lẹ́yìn ìrìn àjò Berlin ti 1978, òun àti àwọn kan nínú ẹgbẹ́. Ẹni tó bá rò pé ìgbà ìtura ni Roy bá Fela, irọ́ ni. Ilé tó ń jò ni àlejò wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ wò wọ́n. Èmi kò rí owó tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé ni mò ń kà. Ohun tó sọ fún mi nígbà tó dé ni pé Fela kò kọ orin tí àwọn èèyàn mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Fela ṣe ń ṣe: bó bá ti gbé orin jáde nínú àwo, kì í kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti àtijọ́, kó lọ ra àwo. Ẹ̀gbọ́n mi bínú sí i. Mo bi í léèrè pé òyìnbó dúdú yẹn ńkọ́, ó ní “ó ń lu nǹkan kan tó ń dán.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún yẹn ni mo ti fẹ́ mọ ohun tó ń dán náà.

Lékan_Houston
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè kejì tí Aláwo_Mọ́kọ́lá bi, torí gbogbo yín ti fò ó bí àwo bàbá rẹ̀.

Ta ló ni àwo náà? Lórí ìwé, Knitting Factory ló gba iṣẹ́ Fela títẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀ tẹ̀ léraléra. Èyí bá wọn lọ nítorí pé Fela wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó dìtẹ̀ mọ́ Roy. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí ni pé ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tó lọ sí ibi tí wọ́n to jáàsì sí, kò ní rí i. Á rí *Everybody Loves the Sunshine* ti 1976, torí ìyẹn ni gbogbo ayé mọ̀. Àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n láìmọ̀: olórin Mary J. Blige gé lára rẹ̀ wọ inú orin tirẹ̀, *My Life*, lọ́dún 1994. Ẹgbẹ́ rápù A Tribe Called Quest náà gé lára *Running Away*, orin Roy mìíràn. Wọ́n tiẹ̀ walẹ̀ kan orin tí Roy kò gbé jáde rí, láti 1976 sí 1981, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 2004 ní *Virgin Ubiquity*. Wọ́n ṣa gbogbo rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, èyí tó wá ṣe nílé wa ni wọ́n fò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó jẹ́ kí n gbà pé àwo náà jẹ́ ti Roy bó ṣe jẹ́ ti Fela. Nígbà tó padà sílé, ọdún 1981, ó gbé àwo tirẹ̀ jáde ní Polydor. Orúkọ tó sọ ọ́ ni *Africa, Center of the World*. Àkọlé orin Fela ló gbé sórí àwo ara rẹ̀! Ẹni tó kàn wá ṣe àlejò, tó jẹun tán tó nu ẹnu, kì í gbé orúkọ ilé yẹn lọ sílé.

@Jáàsì_Ojúlówó, ẹ gbọ́ ìyẹn pẹ̀lú *Music of Many Colours* ní ìrọ̀lẹ́ kan náà. Gọ́ọ̀mù yín á tú.

Jáàsì_Ojúlówó
Mi ò ní àwo 1981 yẹn. Mo ti tún ojú ti Fela gbọ́ ṣá, mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí gbọ́ ọ. Títí jàre lórí pẹ́dà. N kò kíyè sí i tẹ́lẹ̀ pé ó ń pa ohùn kí gìtá lè kọjá. Ojú ti Roy, dísíkò ni síbẹ̀.

Títí_Peckham
Mo ya àwòrán ohun tí o kọ yìí sínú fóònù mi, mo fẹ́ fi ṣẹlẹ́rìí.

Bísí_Akọ́ka
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ rà á, ẹ ṣọ́ra. Èyí tí mo rà lọ́dọ̀ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní tuntun ni. Nígbà tó dé, ó ti ká bí ewé tí oòrùn pa. Ó ń ṣe wúù, ó ń ṣe wùù. Fáìbù tó ń mì fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwo tún wá ń mì án. Mo kọ̀wé sí ẹni náà, kò fèsì. Ẹ ní kó fi fídíò rẹ̀ hàn yín bó ṣe ń yí lórí ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Injiníà_Ohùn
Pẹ̀lẹ́. Ẹ má fi ẹrù wúwo tẹ̀ ẹ́ nínú oòrùn o, mo mọ̀ pé ẹnì kan á gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Á tún bàjẹ́ sí i.

Bísí_Akọ́ka
Mo ti ṣe é.

Aláwo_Mọ́kọ́lá
Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Mo gbé tuntun lọ sílé bàbá mi ní Sátidé. Mo fọ ti tiwọn náà bí Injiníà ṣe wí, mo fi abẹ́rẹ́ tuntun sí ẹ̀rọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jí lóòótọ́, mo gbọ́ irin náà níbẹ̀, ó kéré ṣùgbọ́n ó wà. Bó ṣe ń lọ sí àárín ló kú. Fáìbù wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ wa ló jẹ ẹ́.

Mo sọ ti Ìjẹ̀bú-Igbó fún wọn, wọ́n ní irọ́ ni. Mo fi ara páálí hàn wọ́n, wọ́n wọ awò, wọ́n kà á, wọ́n ní “ẹ̀n-ẹ́n.”

Mo wá gbé tuntun sí i. Wọ́n jókòó, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Nígbà tó kan ibi tí tiwọn máa ń fò, bàbá mi fò ó fúnra wọn: wọ́n pàtẹ́wọ́ síbi tí orin kò tíì dé. Fela ṣì wà lẹ́yìn, ó ń bọ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é.

Bàbá_Akin_Abẹ́òkúta
Ẹ bá mi kí wọn o. Ṣé wọ́n ṣì ní *Sorrow, Tears and Blood* níbẹ̀? Tèmi ti sọnù láti ìgbà tí a ti kó kúrò ní Ìbàrà.